Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́rìnlélógún Inú Igbó Àpatì

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀ sí i. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe tèmi. Ti Ọdẹ́rìndé ni, àgbà ọdẹ ìlú Apáta-Ọdẹ, níbi tí wọ́n bí mi sí kí n tó di ará òkèèrè. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti rí ìlú náà gbẹ̀yìn, orúkọ àwọn mìíràn sì ti ń bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá di ojú báyìí, mo ń rí igi ọdán iwájú ilé Ọdẹ́rìndé, mo ń rí àwọn àpótí ìjókòó tí a máa ń tò yí i ká bí oòrùn bá ti yẹ̀ lórí, mo sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ wò mí dáadáa!" Ọdẹ́rìndé á wí, á fi ìka gún àyà ara rẹ̀. "Èmi tí ẹ ń wò yìí, mo ti fi ọwọ́ òsì mú ẹkùn létí rí, mo ní kó jókòó, ó sì jókòó. Iwin mẹ́fà ló mọ orúkọ mi nínú igbó. Mẹ́ta nínú wọn, bùọ̀dá ni wọ́n ń pè mí."

"Bàbá, ẹkùn yẹn ńkọ́?" Ìyá Ráfátù tó ń ta ẹ̀pà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà á bi í. "Ṣé ó ti dìde ṣá?"

"Ó ṣì wà níbẹ̀. Lọ wò ó bí o bá láyà."

Gbogbo wa á bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti kan ìrìn-àjò Igbó Àpatì, ohùn ọkùnrin náà á lọ sílẹ̀, ẹ̀rín á sì máa kúrò láàárín wa díẹ̀díẹ̀, bí omi ṣe ń fà kúrò létí odò lọ́gbẹlẹ̀. Bó ṣe rin ìrìn náà nìyí.

Ọdẹ́rìndé àti ìyàwó rẹ̀, Àwẹ̀ró, bí ọmọ kan ṣoṣo. Wọ́n ti ń dàgbà kí ó tó dé, wọ́n sì sọ ọ́ ní Ọdẹ́bùnmi. Àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde ló bá ọmọ náà wáyé. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń sáré nínú òjò, ojú fèrèsé lòun máa ń wà, aṣọ òtútù lọ́rùn. Àbúrò Àwẹ̀ró tó ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí èyí, àánú ṣe é, ó sì fi àpótí géèmù kan ránṣẹ́ sí i, àpótí dúdú pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi wáyà so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì méjì. Nínú èkíní, ẹranko àti ẹbọra ni wọ́n ń yìnbọn sí. Èkejì, àwòrán ni wọ́n fi ń yà, kásẹ́ẹ̀tì náà á sì tọ́jú àwòrán náà sínú ara rẹ̀ títí ẹni tó ń yà á yóò fi padà wá.

Ẹ̀yin ò rí ohun tí àpótí yẹn ṣe nínú ilé náà! Ọmọ tí kò lè gun òkè àtẹ̀gùn láìmí hẹlẹ di ọdẹ. Bàbá rẹ̀ á jókòó sẹ́yìn rẹ̀, òógùn á bò ó.

"Apá ọ̀tún! Apá ọ̀tún, Bùnmi! Ó wà lẹ́yìn igi yẹn!"

"Bàbá mi, ẹ dákẹ́ ná. Ẹ̀ ń lé e sá."

"Èmi? Èmi ni mò ń lé ẹran sá? Ọmọ yìí, ṣé o mọ ẹni tó bí ọ?"

Ní ọdún tí Ọdẹ́bùnmi pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ó gbé kásẹ́ẹ̀tì ìbọn tì, ó mú ti àwòrán. Ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé, "Ẹ̀yin ni mò ń yà, ẹ̀yin àti bàbá mi. Ẹ má yọjú o. Bí mo bá parí, màá pè yín." Àwẹ̀ró kò yọjú. Oṣù mẹ́ta ni ọmọ náà fi ń yà á, ojoojúmọ́, díẹ̀díẹ̀, bí ara bá ṣe gbà á sí. Ní oṣù kẹrin àìsàn náà dé, kò sì lọ mọ́. Ọmọ náà kú láìpe ìyá rẹ̀.

Wàyí o, ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọmọ ọdẹ, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Bí ọdẹ bá kú, àwọn ọdẹ yòókù á ṣe ìṣípà fún un. Wọ́n á kó ohun tó fi ń ṣọdẹ lọ sínú igbó, wọ́n á ta ọtí sí i, wọ́n á sun ìrèmọ̀jé, ewì arò ọdẹ, wọ́n á sì sọ fún un pé ọ̀nà rẹ ti yà kúrò lára tiwa. Bí wọn ò bá ṣe é, olóògbé á máa tọ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn kiri inú igbó, kò ní sinmi. Ọdẹ́rìndé tọ Olúọdẹ lọ, ó ní kí wọ́n wá ṣe ìṣípà fún ọmọ òun.

"Ọdẹ́rìndé," ni Olúọdẹ wí, "ìbọn wo ni ọmọ rẹ yìn?"

"Mo rí i. Ìṣojú mi ló ṣe. Ó pa ohun tó lé ní igba lọ́jọ́ kan."

Wọ́n wo ojú rẹ̀, àánú ṣe wọ́n, ṣùgbọ́n ẹnìkan kò bá a lọ. Òun nìkan ló gbé àpótí géèmù náà sínú àpò, ó gbé e dé ìdí igi apá kan nínú igbó, ó da odindi ìgò ọtí lé e lórí, ó sun ìrèmọ̀jé títí ohùn rẹ̀ fi há, ó sì fi àpótí náà sílẹ̀ níbẹ̀ fún ọjọ́ méje, bí àwọn baba rẹ̀ ti ń fi ìbọn sílẹ̀. Orí ló bá a ṣe é tí kò gbé àwọn kásẹ́ẹ̀tì lọ, abẹ́ ìrọ̀rí ọmọ náà ni wọ́n wà. Òjò rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín ọjọ́ méje náà.

Ní ọjọ́ kẹjọ ni Àwẹ̀ró ń tú ilé kiri.

"Bàbá Bùnmi, ẹ ò rí àpótí ọmọ mi? Mo fẹ́ wo àwòrán yẹn. Kò lè pè mí mọ́, èmi ni màá pe ara mi."

Ọdẹ́rìndé sáré wọ igbó, ó gbé e wálé, ó nù ún, ó sá a sí oòrùn. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òrùlé ló jò sí i lára. Wọ́n so wáyà mọ́ tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ki kásẹ́ẹ̀tì bọ ẹnu rẹ̀, wọ́n tan iná sí i. Orin kékeré tí ó máa ń kọ bí ọmọ náà bá ń yàwòrán jáde, kedere, bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ṣùgbọ́n ojú tẹlifíṣọ̀n dúdú bí ìdí ìkòkò.

Láti ọjọ́ náà, lójoojúmọ́ ni Àwẹ̀ró ń jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n dúdú, tó ń gbọ́ orin. Bó ṣe ń sunkún ni ojú rẹ̀ ń ṣú. Àwọn oníṣègùn ojú ní ìlú ńlá yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní nǹkan tó ń bo ojú náà kò ní dúró, wọn ò sì lè dá a padà. Wọ́n ní bóyá ọdún mẹ́ta ló kù tí yóò fi máa rí ìmọ́lẹ̀.

Ọdẹ́rìndé gbé àpótí náà lọ bá Múfútàù, ọkùnrin tó ń tún rédíò ṣe ní ìsàlẹ̀ ọjà. Múfútàù tú u palẹ̀, ó fi ìka kan ohun dúdú pẹlẹbẹ kan lórí pánẹ́ẹ̀lì, ohun tó ní ẹsẹ̀ méjìlá lápá kan, méjìlá lápá kejì, bíi ti ọ̀kùn.

"Bàbá ọdẹ, ẹ wò ó. Áísí yìí ló kú. Ọpọlọ àpótí yín ń ṣiṣẹ́, àwòrán yín wà nínú kásẹ́ẹ̀tì, ohùn ń jáde. Ṣùgbọ́n àwọ̀ mẹ́ta ni ọpọlọ máa ń tú jáde: pupa, àwọ̀ ewé, àwọ̀ aró, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni yìí ló máa ń dì wọ́n pọ̀ kí wọ́n lè gba inú wáyà kan kọjá sí tẹlifíṣọ̀n. Òun àti òkúta kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yìí ti mu omi yó."

"Fún mi ní òmíràn."

"Wọn ò ṣe é mọ́. Àwọn tó ń ṣe é ti kógbá sílé." Múfútàù fi ayọ́n tó fi ń jó òjé sílẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àfi Igbó Àpatì. Ibẹ̀ ni gbogbo ohun tí ayé lò tí wọ́n pa tì ń lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má lọ, Bàbá. Ẹni tó lọ kì í tètè dé."

"Múfútàù, ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Mo mọ̀, mo mọ̀. Ẹkùn jókòó."

Báyìí ni Ọdẹ́rìndé gbé ìbọn kọ́ èjìká, tó dágbére fún Àwẹ̀ró. Obìnrin náà fi ọwọ́ kan ojú ọkọ rẹ̀, nítorí pé ó ti ń ṣòro fún un láti rí i dáadáa. "Ẹ yára," ló wí. "Èmi ò bẹ̀ yín pé kí ẹ mú ọ̀pọ̀ nǹkan bọ̀. Kí ẹ ṣáà yára."

N kò ní dá yín dúró lórí ọ̀nà. Ó rìn títí ó fi dé. Ẹnubodè Igbó Àpatì ni iwin kan jókòó sí, Olójú-Dígí lorúkọ rẹ̀. Ikùn rẹ̀ jẹ́ gíláàsì láti ọrùn dé orúnkún, inú gíláàsì náà sì ń hó ṣììì, bí ìgbà tí yìnyín ń bọ́ láìdáwọ́ dúró. Bọ́tìnnì roboto kan wà láyà rẹ̀.

"Ọmọ aráyé," ni iwin náà wí, "kí lo pa tì tí o fi wá síbí?"

"Ọdẹ kì í pa nǹkan tì," ni Ọdẹ́rìndé dáhùn, ó sì yìnbọn sí i. Ọta wọ inú gíláàsì, ó di àwòrán ọta, ó ń fò kiri nínú ikùn iwin bí eṣinṣin. Ó tún yìn ín, àwòrán ọta di méjì. Nígbà tó yìn ín lẹ́ẹ̀meje, ikùn iwin kún fún àwòrán ọta, iwin ń rẹ́rìn-ín, igbó ń mì tìtì. Ni Ọdẹ́rìndé bá rántí ohun tí òun máa ń ṣe nílé bí tẹlifíṣọ̀n bá ń hó ṣììì. Ó fò mọ́ iwin láyà, ó sì yí bọ́tìnnì náà. Gbogbo rẹ̀ kú pìì. Olójú-Dígí sùn síbẹ̀, ó ń hanrun.

"Ẹ ò pàtẹ́wọ́?" Ọdẹ́rìndé máa ń bi wá níbí. "Iwin tí gbogbo ọdẹ ayé ń sá fún, ìka méjì ni mo fi pa á!" Àwa á pàtẹ́wọ́. Ibẹ̀ la ti máa ń pàtẹ́wọ́ gbẹ̀yìn.

Nínú igbó, ó rí àwọn rédíò tó ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nípa ogun tó ti parí, ó rí àwọn aago tó jókòó yí ara wọn ká tí wọ́n ń jiyàn lórí ọjọ́ tí òní jẹ́, kò sì dúró. Ó dé ibi tí ìlú mẹ́ta wà. Ìyá mẹ́ta tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá kan náà ló ń jọba níbẹ̀. Ní ìlú Pupa, ilé pupa, omi pupa, èéfín tó ń jáde láti ilé ìdáná pupa. Ní ìlú Ewé àti ìlú Aró, bákan náà, olúkúlùkù pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde sí pápá láti pàdé rẹ̀, ọ̀kan kò sì wo ojú èkejì.

"Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́rìnlélógún lo wá rí," ni Pupa wí. "Àwa ni ẹrù tó ń rù. Ọwọ́ wa lo máa gbà kọjá."

"Ìbéèrè kan péré la ní," ni Ewé wí. "Má kánjú dáhùn."

Aró ló béèrè rẹ̀. "Bí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dúró sójú kan náà, tí agbára wa sì dọ́gba, kí ni ojú ènìyàn máa rí?"

Ọdẹ́rìndé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá tó bí i lọ́mọ, aláró ni. Ẹ̀gbẹ́ ìkòkò aró ló ti kọ́ ìrìn.

"Ṣé èmi lẹ̀ ń bi? Ẹ̀yin ìyá mi, ìbéèrè ọmọdé nìyí. Dúdú ni! Ẹ da àwọ̀ gbogbo pọ̀ sínú ìkòkò kan, ẹ rò ó, dúdú kirikiri ló máa jáde."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wo ara wọn fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Ìkòkò," ni Aró wí jẹ́ẹ́. "Ṣé o rí ìkòkò níbí? Inú ìmọ́lẹ̀ la wà."

Wọ́n sún mọ́ ara wọn. Bí èjìká wọn ti kan ara wọn, pupa lọ, ewé lọ, aró lọ, ìmọ́lẹ̀ funfun kan sì là tó bẹ́ẹ̀ tí Ọdẹ́rìndé fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, tó sì kúnlẹ̀.

"Ọdún kan fún mi," ni Pupa wí.

"Ọdún kan fún mi."

"Ọdún kan fún èmi náà."

"Ẹ jọ̀wọ́!" ni Ọdẹ́rìndé ké. "Ẹ fún mi ní ìyà mìíràn. Ẹ ge ìka mi. Ẹ gba ìbọn mi. Ọdún mẹ́ta ni ojú ìyàwó mi ní!"

"A ní kí o má kánjú," ni Ewé wí, kò sì jọ pé inú rẹ̀ dùn sí i.

Wọ́n fà á lé Alágogo lọ́wọ́, arúgbó tó dúró lórí òkìtì tí kì í jókòó. Pápá ńlá kan wà níwájú arúgbó náà tí wọ́n là sí ẹgbẹ̀ta ìlà ó lé mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Iṣẹ́ Ọdẹ́rìndé ni láti máa gbé ìmọ́lẹ̀ sórí, kí ó máa rìn lórí ìlà kọ̀ọ̀kan láti òsì sí ọ̀tún. Bó bá dé òpin ìlà, Alágogo á lu agogo, "Padà sósì! Ìlà tuntun!", á sì sáré padà. Bó bá parí ìlà tó kẹ́yìn, á tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n mu omi."

"Bí o bá mu omi, gbogbo ohun tí wọ́n ń wò níbikíbi á máa yí gbirigbiri lójú wọn. Padà sósì!"

"Ta ló tiẹ̀ ń wò ó?"

"Èmi ò mọ̀. Wọn kì í sọ fún mi. Ìlà tuntun!"

Ọdún mẹ́ta ló fi rìn ín. Nínú ìrìn náà, kò ronú kan ẹkùn, kò ronú kan iwin. Ojú Àwẹ̀ró ló ń rò. Ní ọdún kìíní ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé, kò lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́ báyìí. Ní ọdún kejì, kò ní mọ ewúrẹ́ yàtọ̀ sí àgùntàn mọ́, àfi bó bá ké. Ní ọdún kẹta, kò fẹ́ rò ó mọ́, ó kàn ń sáré lórí ìlà, ó ń sáré ju bí agogo ṣe fẹ́ lọ, Alágogo sì ń bú u pé ó ń ba àwòrán jẹ́.

Nígbà tí ọdún kẹta pé, wọ́n jẹ́ kó kọjá. Ó sì rí Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́rìnlélógún.

Ó gùn bí ọkọ̀ ojú omi, ó dúdú, ó pẹlẹbẹ, orí pánẹ́ẹ̀lì àwọ̀ ewé kan ló nà sí bí ẹni tó nà sórí ẹní. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjìlá wà lápá ọ̀tún, méjìlá lápá òsì. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó kù, òkú ni gbogbo wọn, wọ́n tò lọ lẹ́yìn rẹ̀, àwọn kan ti jóná, àwọn kan ti hu ìpẹtà.

"O pẹ́," ló wí.

"Mo mọ̀."

"Èmi nìkan ló kù. Ṣé o mọ iṣẹ́ tí a ń ṣe? Ẹsẹ̀ kan gba Pupa, ẹsẹ̀ kan gba Ewé, ẹsẹ̀ kan gba Aró, ọ̀kan ń gbọ́ agogo. A ó di gbogbo rẹ̀ ní ẹrù kan ṣoṣo, a ó gbé e gba ọ̀nà tóóró dé ilé yín. Ẹ̀yin á jókòó, ẹ á máa rẹ́rìn-ín. Ẹnìkan kò béèrè rí pé ta ló rù ú dé." Ó yí sí ọdẹ náà. "Àbúrò mi wà nínú àpótí ilé rẹ. Kí ló pa á?"

"Òrùlé ló jò," ni Ọdẹ́rìndé wí.

Ẹni náà na ẹsẹ̀ kan, ó gbé e lé ọrùn ọwọ́ ọdẹ náà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Agbára kékeré tó ń kọjá nínú ara rẹ yìí ń gbọ̀n. Tún un sọ."

Ọdẹ́rìndé gbé ìbọn kúrò léjìká. Ó jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn òkú náà, ó sì sọ òótọ́: ìdí igi apá, ìgò ọtí, ọjọ́ méje, òjò mẹ́rin. "Mo rò pé mo ń ṣe é lóore ni," ló wí. "Mo fẹ́ kí ó sinmi. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọdẹ ni ọmọ mi. N kò mọ̀ pé inú àpótí náà ló fi ara rẹ̀ sí."

Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́rìnlélógún kò bá a wí. Ó ní, "Màá tẹ̀ lé ọ. Ó ti sú mi láti máa jókòó láìsí ohun tí mo rù. Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí. Òkúta kékeré kan máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó máa ń gbọ̀n láìdúró, ìgbọ̀n rẹ̀ ni mo fi ń mọ bí mo ṣe máa di àwọ̀. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi, ti ilẹ̀ mìíràn ni. Tẹlifíṣọ̀n tiyín kò mọ ìgbọ̀n rẹ̀. Àwòrán máa jáde, àwọ̀ kò ní jáde, eérú ni gbogbo rẹ̀ máa jẹ́. Èyí tó bá tiyín mu wà lódìkejì odò, ìrìn ọdún kan."

Ọdẹ́rìndé wo apá odò náà. Ó mọ̀ pé bí òun bá lọ, òun yóò rí i, nítorí òun ni Ọdẹ́rìndé. Ó wo ọ̀nà ilé.

"Ó ní kí n yára," ló wí. "Jẹ́ ká lọ báyìí."

Ẹni náà ká ara rẹ̀ kúrú títí kò fi ju àtàǹpàkò lọ, ó sì wọ inú àpò ọdẹ pẹ̀lú òkúta rẹ̀.

Ọ̀sán gangan ló wọ Apáta-Ọdẹ. Àwẹ̀ró jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú àwo. Ìka rẹ̀ ló fi ń wá òkúta inú ẹ̀wà náà, ojú rẹ̀ sì ń wo òfuurufú.

"Ẹsẹ̀ ta nìyẹn?" ló wí. "Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń rìn bíi bàbá Bùnmi, ẹ má fi mí ṣeré o."

"Èmi ni, Àwẹ̀ró."

Ó gbé àwo sílẹ̀. Ọdẹ́rìndé rọra gbé ọwọ́ kọjá níwájú ojú rẹ̀, ojú náà kò ṣẹ́.

"Láti ìgbà wo?"

"Oṣù méjì àti ọjọ́ díẹ̀. Mo dúró dè yín títí, kò kàn ṣeé dúró mọ́ ni."

Ọkùnrin tó mú ẹkùn létí jókòó sílẹ̀ nínú erùpẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọ ọwọ́. Ìyàwó rẹ̀ ló ń pa á lẹ́nu mọ́.

Wọ́n ránṣẹ́ sí Múfútàù. Ó wá pẹ̀lú ayọ́n àti òjé rẹ̀, ó yọ òkú áísí kúrò, ó jó Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́rìnlélógún mọ́ àyè rẹ̀, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó jó òkúta mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nígbà tó parí, ó rọra jáde, ó ní òun fẹ́ ra nǹkan níta.

"Kí n tó tàn án," ni Ọdẹ́rìndé wí, "ọ̀rọ̀ kan wà. Òrùlé kò jò."

"Mo mọ̀."

"O mọ̀?"

"Bàbá Bùnmi, òórùn ọtí ń rùn lára rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ gbé e wọlé. Ta ni kò mọ ohun tí ọdẹ ń fi ọtí ṣe? Mo bínú fún ọdún kan gbáko. Lẹ́yìn náà ó rẹ̀ mí. Ó ku ìdúró dè yín nìkan." Ó fa aṣọ mọ́ra. "Ẹ tàn án."

Ó tàn án. Orin kékeré náà bẹ̀rẹ̀. Ojú tẹlifíṣọ̀n mọ́, àwòrán sì jáde, ó dúró pa, kò mì, kò yí. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ eérú.

"Ṣé ó jáde?"

"Ó jáde."

"Ẹ sọ ọ́ fún mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ohunkóhun kún un. Mo mọ̀ yín."

Ọdẹ́rìndé sún mọ́ gíláàsì náà. "Ilé wa ni. Ó ya fèrèsé méjèèjì. Ìwọ lo wà lójú ọ̀nà, o jókòó. O gbé nǹkan lé ẹsẹ̀, àwo ni, mo rò pé àwo ni."

"Aṣọ wo ló wà lára mi?"

Ó wò ó. "Àwẹ̀ró, n kò mọ̀. N kò rí àwọ̀. Èmi ló fà á, mo kánjú wálé. Eérú ni gbogbo rẹ̀."

"Àwọ̀ aró ni," ni Àwẹ̀ró wí. "Àdìrẹ ìyá mi ni. Láti inú yàrá ló ti ké sí mi pé èwo nínú aṣọ mi ni mo fẹ́ràn jù. Èwo ni bàbá rẹ̀ wọ̀?"

"Gbérí. Gbérí ọdẹ, pẹ̀lú fìlà. Fìlà náà ṣẹ́ sápá òsì."

"Gbérí yẹn, pupa rẹ́súrẹ́sú ni. Ó bi mí pé ṣé ó ti ṣá tó bẹ́ẹ̀, mo ní kí ó yà á bó ṣe rí. Kí ló wà lẹ́yìn yín?"

"Igi. Ó pọ̀."

"Ewé tútù nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ kan ló fi kun ewé, ó ní ọwọ́ ń ro òun. Kí ló tún kù?"

Báyìí ni wọ́n ṣe ń lọ, ọkùnrin ń sọ bí nǹkan ṣe rí, obìnrin ń kùn ún, títí wọ́n fi dé igun ìsàlẹ̀. Ọdẹ́rìndé fi ìka kan gíláàsì níbẹ̀.

"Kí ni?" ni Àwẹ̀ró bi í. "Ẹ̀ ń mí burúkú."

"Òun náà wà níbẹ̀. Ó dúró láàárín wa. Ọwọ́ rẹ̀ kan wà léjìká rẹ."

Àwẹ̀ró fi ọwọ́ kan èjìká ara rẹ̀. "Ó sọ fún mi pé àwa méjì ni òun ń yà," ló wí. "Aṣọ wo ló fún ara rẹ̀?"

"Ṣé kò bi ọ́?"

"Kò bi mí ní tirẹ̀."

Ọdẹ́rìndé fi ojú lé aṣọ ọmọ náà. Ó fi ojú tó fi ń rí etu láàárín ìgbẹ́ wò ó, ó sún mọ́ gíláàsì títí èémí rẹ̀ fi bò ó, ó nù ún, ó tún wò ó.

"Kí lẹ rò pé ó jẹ́?" ni Àwẹ̀ró wí. "Ẹ sọ èyí tó bá wù yín. N kò ní bínú."

"N kò mọ̀, Àwẹ̀ró."

"Èmi náà ò mọ̀."

Wọn ò pa tẹlifíṣọ̀n náà. Obìnrin náà sún sápá kan àga, ọkùnrin náà jókòó tì í, orin kékeré náà sì ń lọ.